Ẹni Tó Ń Rí Àwọn Tó Sọnù

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi jókòó sí ibùdókọ̀, báàgì aṣọ ọmọ rẹ̀ lórí itan, kó tó gbà pé jìbìtì ni wọ́n lu òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló forí lé. Ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, níbi tí ẹ̀ka tó ń wá àwọn tó sọnù wà, ó sì lọ dúró síwájú tábìlì ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Alágídí.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹni tẹ́ ẹ rán sí mi ò dé o."

Alágídí gbójú sókè. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń bá ìyá yìí wá ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ogún ọdún tó jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé òun ń lọ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, tí kò wọlé mọ́.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Ta ni mo rán sí yín?"

"Ọ̀gá tó wà lókè yín. Ẹni tó rí ọmọ mi."

Ọdún márùn-dín-lógójì ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sọ̀rọ̀ wúruwùru. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ọkùnrin kan pè é lórí fóònù. Ó ní iṣẹ́ ìjọba kan náà lòun ń ṣe, àmọ́ ẹ̀ka tòun jẹ́ ti àṣírí, Alágídí pàápàá ò gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Ó ní òun fojú òun rí ọmọ náà lẹ́yìn ààlà. Àwọn tó mú un ti ṣe tán láti fi í sílẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ ohun ìdúró: ìwé ilé, kí Tíṣà buwọ́ lù ú. Ọlọ́kadà kan wá gba ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó lọ dúró de bọ́ọ̀sì tó ń ti ààlà bọ̀.

"Lánàá, àwọn ọkùnrin méjì kó okùn ìwọnlẹ̀ wọ pálọ̀ mi. Wọ́n ní wọ́n ti ta ilé náà."

"Báwo lẹ ṣe gbà á gbọ́, Màmá?"

"Ó sọ aṣọ tó wọ̀ jáde. Ó sọ eyín rẹ̀ tó kán. Ó sọ àpá tó wà ní orúnkún rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan nìyẹn, àfi ẹ̀yin."

"Kí ló sọ nípa àpá yẹn gan-an?"

"Ó ní orúnkún òsì ló wà. Mo ní rárá, ọ̀tún ni. Ó ní bóyá ojú òun ló ṣe fírí."

Alágídí fa dúróà, ó yọ fáìlì ọmọ náà jáde. Ojú ìwé kejì ni, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *àpá ní orúnkún òsì.* Ó ṣì í kọ. Kò sì sẹ́ni tó lè pe ọ̀tún ọmọ yẹn ní òsì láyé yìí, àfi ẹni tó bá ka ojú ìwé náà. Ó pa fáìlì náà dé.

"Ṣé ẹ ti fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀, Màmá?" ó béèrè.

Ọ̀gá ẹ̀ka náà fẹ́ràn ètò. Kálàmù mẹ́ta ló máa ń tò síwájú, ẹ̀dà mẹ́ta sì ni gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́: ọ̀kan fún oríléeṣẹ́, ọ̀kan fún àwọn aṣàyẹ̀wò, ìkẹta fún ẹnìkan tí wọn kò tíì mọ̀ títí dòní.

"Fáìlì wa ń jò, ọ̀gá," Alágídí wí.

"Kí ló ń jò?"

"Ẹnìkan ń kà wọ́n, ó sì ń fi ohun tó kà lu àwọn ẹbí ní jìbìtì."

"Jìbìtì kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Àjà karùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe jìbìtì."

"Mo ti débẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó sọnù bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tiwa ni."

"Kọ lẹ́tà, nígbà náà. Ẹ̀dà mẹ́ta."

"Wọ́n ti ń wọn yàrá ìyá náà, ọ̀gá."

Ọ̀gá gbé kálàmù kan, ó tún un tò. "Oríléeṣẹ́ ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé àsìkò yìí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn pé olè ń gbé nínú ilé wa? Ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí lóṣù tó ń bọ̀."

"Tíṣà náà ti jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó."

"Jáde."

Alágídí jáde, àmọ́ kò kọ lẹ́tà. Ó gbé fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti pe ọgbọ̀n ilé ó lé. Mọ́kànlá nínú wọn ni ọkùnrin náà ti pè. Kò sí èyí tó la ẹnu. Ó ti kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, òkú ẹni wọn ni wọ́n máa gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ fáìlì mọ́kànlá náà sílẹ̀ nínú yàrá ìkófáìlìsí. Ọjọ́ orí wọn ò bára mu, àdúgbò wọn ò sì pa pọ̀. Ìwé àyálò fi hàn pé kò sẹ́ni tó yá ọ̀kankan nínú wọn, àfi òun. Àgbàlagbà obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà, tí wọ́n ń pè ní Màmá Fáìlì, ń kọjá lórí wọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó dúró.

"Àwọn tí Ọ̀gá ní ká dà kọ fún oríléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nìyí."

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ara ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Alágídí ṣí i. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà níbẹ̀, lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta. Ìlà tó tẹ̀lé e ni: *Ẹ̀rọ kọṣẹ́. Ẹnjiníà gbé e lọ. Ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta.*

"Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yìí máa ń tọ́jú ohun tó bá dà kọ sínú ara rẹ̀?"

"Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Obìnrin náà gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Ẹnjiníà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn ti ń wọlé tó ń jáde. Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo wọn. Kì í wá lọ́wọ́ òfo, bisikíìtì máa ń wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún ń béèrè ìwé ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó wá bá mi kẹ́dùn nígbà tí ọkọ mi kú. Ó bá wa gbé àga." Ó mi orí. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà."

Ọ̀gá ní adéhùn ẹ̀rọ náà kì í ṣe tòun, oríléeṣẹ́ ló gbé Ẹnjiníà wá. Alágídí ò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè kankan láìsí ìwé àṣẹ. Àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn ní àwọn ò lè wọ ilé ìjọba àpapọ̀ láìsí lẹ́tà Ọ̀gá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnìkan wà nínú àwọn mọ́kànlá náà tí kò tíì fi ìwé sílẹ̀. Mẹkáníìkì ni. Àbúrò rẹ̀ ló sọnù, ìwé ilé bàbá wọn sì ni ọlọ́kadà ń bọ̀ wá gbà lọ́la. Alágídí béèrè ọkọ̀ kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ márùn-ún ni fọ́ọ̀mù náà yóò fi rìn.

Ọkọ̀ tí Mẹkáníìkì fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni àwọn méjèèjì bá gbé. Wọ́n ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú àpò ìwé, ọlọ́kadà gbà á, wọ́n tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ńlá náà ń mì, ẹ̀wọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró wọnwọn bí ẹni ń lọ síbi ìjà. Wọ́n yí oríta méjì po, wọ́n fi ìdí ọkọ̀ ha ọkọ̀ olówó kan lára, wọn ò dúró. Wọ́n ti ń rí ẹ̀yìn ọlọ́kadà dáadáa nígbà tí irin tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà níbi tí reluwé ń gbà wá sílẹ̀. Ọlọ́kadà tẹrí ba, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Reluwé dé, ó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ló kó. Alágídí ń ka kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú títí ó fi sú u.

Kí irin tó gbéra, fóònù Mẹkáníìkì ti dún.

"O sọ fún wọn," ohùn náà wí. "Ó dáa. Àbúrò ẹ ti kú." Ó pa á.

Mẹkáníìkì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọwọ́ ọkọ̀, kò wa ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè.

"Irọ́ ni," Alágídí wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"



Ẹni tí wọ́n ha ọkọ̀ rẹ̀ mọ ẹnìkan ní oríléeṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, Ọ̀gá ti gba káádì ìdánimọ̀ Alágídí, ó ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Alágídí kó ife rẹ̀ àti bàtà òjò rẹ̀ sínú páálí. Lórí àtẹ̀gùn ló ti pàdé Ẹnjiníà tó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́.

"Ọ̀gá mi," Ẹnjiníà wí, ojú rẹ̀ fà ro. "Wọ́n sọ fún mi nísàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ò mọyì ènìyàn rárá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

Ó gba páálí náà, ó sì bá a gbé e dé ẹnu géètì. Alágídí ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó délé, ó lọ fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ara rẹ̀ ò balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń rojọ́, kò dá sí i títí tó fi rò ó tán.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ní ọkùnrin yìí ń rí àwọn tó sọnù?"

"Ó ń purọ́ pé òun ń rí wọn."

"Ẹ fún un lẹ́ni tí kò sọnù, ká wò ó bóyá á rí i."

Alágídí wò ó. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá Fáìlì ló tẹ ìwé náà. Wọ́n ṣe ọkùnrin kan tí Ọlọ́run ò dá: orúkọ, iṣẹ́, ọjọ́ tó jáde nílé. Ìyàwó Alágídí fún un ní àpá iná lọ́rùn ọwọ́, ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Fọ́tò ni wọn ò tètè rí. Màmá Fáìlì lọ wá a láàárín àwọn ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ kún bámúbámú jáde. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó má baà yàtọ̀ sí ìṣe ilé. Lẹ́yìn náà, ó fa wáyà kan yọ nídìí ẹ̀rọ, ó sì ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà.

Ọjọ́ kejì tí Ẹnjiníà dá ẹ̀rọ padà ni fóònù Nọ́ọ̀sì dún.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kí yín," ohùn náà wí. "Ó ní kẹ́ ẹ má sunkún mọ́."

Nọ́ọ̀sì sunkún díẹ̀, torí ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sunkún. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìwé ilé, ó yarí.

"Mi ò lè kó ìwé bàbá mi fún ọlọ́kadà. Inú ọ́fíìsì yín ni mo ti máa fi lé yín lọ́wọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Alágídí sún etí mọ́ fóònù náà. 

"Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́wàá," ohùn náà wí níkẹyìn. "Àjà kẹta. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ yàrá fáìlì. Àlejò máa pọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa da yín láàmú."

Ọjọ́ àbẹ̀wò oríléeṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo nǹkan ni Alágídí ti ṣètò, àfi bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe wọlé. Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì na ọwọ́ sí i láyà.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Orúkọ yín wà lára ògiri. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́."

"Gẹ́gẹ́ bí àlejò ńkọ́?"

Ẹ̀ṣọ́ ronú. "Wọn ò sọ ti àlejò." Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. "Ẹ̀dà mẹ́ta ni, ọ̀gá."

Alágídí kọ ọ́. *Ẹni tí mo fẹ́ rí: Ọ̀gá. Ìdí: ẹnìkan sọnù.* Kálàmù gbẹ lórí ẹ̀dà kejì. Wọ́n wá òmíràn. Ó ń kánjú kọ ọ́ débi pé ẹ̀ṣọ́ ní òun ò lè ka ìlà kẹrin, kó jọ̀ọ́ tún un kọ. Ó tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi máa fi nọ́ńbà àlejò kọ́ ọ lọ́rùn, aago mẹ́wàá ti kọjá, ó sì ń fò àtẹ̀gùn ní méjì méjì.

Mẹkáníìkì wà lẹ́nu àtẹ̀gùn lókè, ó ṣe bí ẹni ń ka pátákó ìkéde. Nọ́ọ̀sì wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò ìwé. Tíṣà jókòó sí ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà, ìborùn rẹ̀ bo ojú dé ìdajì. Ohùn nìkan ló mọ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ní kó ṣe kò ju kó gbọ́, kó sì mi orí lọ. Lẹ́yìn ògiri pákó yàrá fáìlì, Màmá Fáìlì ti fi ọgbọ́n mú Ọ̀gá wọlé. Ó ní ìwé kan wà tí kò tíì buwọ́ lù, àwọn àlejò sì ń béèrè rẹ̀. Àwọn aṣàyẹ̀wò méjì láti oríléeṣẹ́ bá a wọlé.

Ẹnjiníà ti wọ kóòtù lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti jókòó ti Nọ́ọ̀sì.

"Ó rù díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ le. Àpá iná ọrùn ọwọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ rò pé òun ni lóòótọ́?"

"Àǹtí, mo jókòó tì í bí mo ṣe jókòó tì yín yìí." Ó yọ fọ́tò. "Ẹ wò ó. Bó ṣe rí gan-an nìyí."

Tíṣà kò mi orí. Ó dìde.

"Ọmọ tèmi ńkọ́?" ó wí. "Ṣé o jókòó ti òun náà?"

Ẹnjiníà yíjú. Ó rí Tíṣà, ó rí Alágídí lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fò dìde. Ó sáré lọ sí àtẹ̀gùn, Mẹkáníìkì ti na apá dí i. Ó yí padà. Ó mọ ilé náà ju àwọn onílé lọ, ó mọ̀ pé yàrá fáìlì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì já wọ ibẹ̀. Àyà rẹ̀ kọlu àyà Ọ̀gá. Kálàmù mẹ́ta fọ́n sílẹ̀.

"Kí lò ń sá fún, Ẹnjiníà?" Ọ̀gá béèrè.

Alágídí ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó sọnù lẹ́yìn ààlà, ọ̀gá. Ẹ gba fọ́tò ọwọ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá gbà á. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀ tó ti pá. Aṣàyẹ̀wò kan yọjú wo fọ́tò, ó wo Ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ sínú ọwọ́.

Kò sẹ́ni tó rántí béèrè fọ́ọ̀mù. Alágídí tó jẹ́ àlejò ló jókòó, òun ló ń béèrè.

"Ta ló fún ẹ ní fọ́tò yìí?"

"Mo rí i he ni."

"Níbo?"

Ẹnjiníà wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Àpá ọrùn ọwọ́ yẹn, ìyàwó mi ló ṣe é láìpẹ́ yìí nínú ilé ìdáná wa. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn láyé. Ibì kan ṣoṣo ni ìwé náà gbà kọjá. Ìwọ lo gbé ibẹ̀ lọ, ìwọ lo gbé e bọ̀."

Ẹnjiníà wo ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tó wà nígun yàrá. Ojú rẹ̀ yí, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí i pé ajá tóun ń bọ́ ló gé òun jẹ.

Ó jẹ́wọ́. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, òun kàn ń kà wọ́n ni nígbà tí oorun ò bá kun òun. Ó wá rí i pé ẹni tó ń wá ènìyàn rẹ̀ kì í béèrè ẹ̀rí púpọ̀. Àwọn tó kó okùn wọ ilé Tíṣà kì í ṣe oníbàárà kankan, ọmọ iṣẹ́ àna òun ni. Wọn ò tíì rí ilé kankan tà. Gbogbo ìwé wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, nínú ikùn ẹ̀rọ kan tó ti kú.

"Àbúrò mi," Mẹkáníìkì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Inú ló bí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá, ọ̀gá."

Mẹkáníìkì fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú Ẹnjiníà lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àpò ìwé ti dé láti ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹbí sì ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olúkúlùkù ń gba tirẹ̀, àwọn kan ń ka orúkọ bàbá wọn sókè bí ẹni ò rí i rí. Ọ̀gá ń sọ fún àwọn aṣàyẹ̀wò pé ó ti pẹ́ tí ẹ̀ka òun ti ń dọdẹ ọkùnrin náà. Kó tó lọ, ó fi lẹ́tà kan lé Alágídí lọ́wọ́. Kúẹ́rì ni: kí ló dé tó fi wọ ilé-iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní kó jókòó sílé? Ọjọ́ méjì ló ní láti fi dá èsì padà.

Tíṣà wà lórí bẹ́ǹṣì, ìwé ilé rẹ̀ lábẹ́ apá. Alágídí lọ jókòó tì í. 

"Màmá, mo tọrọ àforíjì. Inú ilé wa ni gbogbo rẹ̀ ti jáde."

"Mo gbọ́." Tíṣà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí? Láàárín ìgbà tí mo fi wà ní ibùdókọ̀ yẹn, mo mọ ibi tí ọmọ mi wà. Irọ́ ni, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Báyìí, mi ò mọ̀ mọ́."

 Àwọn ènìyàn ń kọjá níwájú wọn, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire.

"Ṣùgbọ́n mo ní ilé tí ó ti máa bá mi tó bá dé," Tíṣà wí. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Màá sùn lónìí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mò ń bọ̀ wá da yín láàmú."

"Wọ́n ní kí n jókòó sílé o, Màmá. Ó tún ku ọ̀sẹ̀ kan."

"Ibo nilé yín?"

Alágídí sọ fún un. Tíṣà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, kóun má baà ṣìnà, ó sì dojú kúẹ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ní kó ya ọ̀nà náà sí ẹ̀yìn rẹ̀.